Ohun Tí Ọkọ Mi Kọ Sí Etí Ìwé

Bí ọdún méjì ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ òkú bí ẹni pé èmi ni mo rò ó, tí àwọn ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

N kò jalè, n kò gba ọkọ ọlọ́kọ. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ojú àbúrò ọkọ mi lọ́jọ́ tí àṣírí mi tú, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Àwọn tó mọ̀ mí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí ni mo ń kọ ọ́ sí.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi. Sìmẹ́ǹtì ló máa ń kó jù. Awakọ̀ sìmẹ́ǹtì lè wà lórí ìlà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó kàn án láti kẹ́rù. Àwọn yòókù a máa sùn, wọn a máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, wọn a máa bú ọ̀gá wọn. Ọkọ mi a máa kàwé. Pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀. Bí ohun kan bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn, tàbí tó bí i nínú, yóò kọ èrò rẹ̀ sí etí ojú-ìwé náà. Ó ń bá ìwé sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ jiyàn.

Bí ó bá délé, yóò fẹ́ kà á fún mi. "Gbọ́ èyí wò," á ní.

Tàìpísì ni mí ní ọ́fíìsì lọ́ọ́yà kan. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Bí mo bá délé, n kì í fẹ́ fojú kan ìwé mọ́. "Ọ̀la ni," ni mo máa ń dá a lóhùn. Ọ̀la yẹn la ń sún síwájú títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọjọ́ méjì kó tó kú, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú.

"Kó àwọn ìwé mi fún àbúrò mi," ó ní. "Gbogbo wọn. Ohun kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún un láti kékeré, ẹnu mi ò gbé e. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Sínú èwo?"

"Á rí i. Ìwọ ṣáà kó wọn fún un. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí nìkan ni ẹbí tó ní. Nọ́ọ̀sì ni, ní ìlú tó jìnnà sí wa nígbà náà. Ọkọ mi ló tọ́ ọ dàgbà, ló fi ìwé wọ̀nyẹn kọ́ ọ láti kàwé. "Ẹ̀gbọ́n mi ni ìyá mi," ló máa ń sọ. "Èyí tó bí mi lọ́mọ sá lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún." Bí ó bá ti dárúkọ ìyá rẹ̀ báyìí, ọkọ mi a dìde kúrò níbẹ̀. Mo rò pé ìbínú ni.

Èmi kì í pe orúkọ rẹ̀. Eyínafẹ́ ni mo fi ń kì í, nítorí eyín rẹ̀ tó mọ́ gaara. Òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, "ìyàwó wa" ló ń pè mí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní, "Ìyàwó wa, àwọn ìwé ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Mo fẹ́ kó wọn lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Eyínafẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì wà nílé díẹ̀. Bí mo bá rí wọn níbẹ̀, ó dà bíi pé ìrìn-àjò lásán ló lọ."

Ó gbá mi mọ́ra. "Ẹ fọkàn yín balẹ̀. Ìwé ò lẹ́sẹ̀."

Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ n kò sọ fún un pé ọkọ mi fi iṣẹ́ kan rán ìwé náà sí i. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, yóò kó wọn lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀ṣẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, gbogbo aṣọ mi ti tóbi jù mí lọ. Ìbànújẹ́ ti jẹ mí lára. Mo kó mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní ìkángun àdúgbò wa kó bá mi dín wọn. Obìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ àfi bó bá fi abẹ́rẹ́ há a. Mo mú ọ̀kan nínú ìwé ọkọ mi dání, kí n má bàa máa wo ògiri.

Ìtàn ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ ni. Ọkùnrin náà kò níṣẹ́ méjì ju ẹkún lọ. Létí ojú-ìwé kan, mo rí ohun tí ọkọ mi kọ: "Ó tún bẹ̀rẹ̀! Bí mo bá gbé eléyìí sínú ọkọ̀ mi, ká tó débi tí à ń lọ, ìjókòó á ti jẹrà."

Ẹ̀rín já lẹ́nu mi. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti kú.

"Màmá, ta ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" télọ̀ béèrè. "Ẹ sọ ọ́ kí n bá yín rín in. Láti àárọ̀ làwọn oníbàárà ti ń bínú sí mi."

Mo sọ ìtàn ọkùnrin ẹlẹ́kún náà fún un. Mo wá ní, "Bí mo bá fún eléyìí ní ìjókòó nílé mi, kí ilẹ̀ tó ṣú, tìmùtìmù mi á ti jẹrà."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Yéè! Ẹ̀yin lẹ ronú irú ìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Ẹ wo bó ṣe kéré tó. Mo yọ ọkọ̀ akẹ́rù kúrò, mo gbé ilé síbẹ̀. Ọkọ mi bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé kejì, télọ̀ ní kí n wá ka ìtàn náà fún òun bí òun ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Oníbàárà méjì jókòó tì wá. Ní Sátidé kẹta, káfíńtà kan wá gba ṣòkòtò rẹ̀, kò lọ mọ́. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bóyá obìnrin náà á padà wá," ó ní, ó sì jókòó sórí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò ṣiṣẹ́.

"Ká kúkú sọ ọ́ di ẹgbẹ́," télọ̀ wí. "Ẹgbẹ́ òǹkàwé. Kí èmi náà lè sọ fún ọkọ mi pé ìpàdé ni mo lọ."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé kan lóṣù kan. Ẹni tó bá rí i rà lọ́wọ́ alátẹ ìwé àlòkù, kó rà á. Ẹni tí kò bá rí, kó wá gbọ́. Èmi ni mo ń yan ìwé, èmi ni mo ń kà á sókè. Bí mo bá ka orí kan tán, wọn á jiyàn, wọn á pariwo. Lẹ́yìn náà, wọn á yíjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Mo máa ń sọ ohun tí ọkọ mi rí.

Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ sórí ìwé pélébé. Níbi tó bá ti ní "táyà", mo fi "bàtà" sí i. Níbi tó bá ti ní "lójú ọ̀nà", mo kọ "láyé". Káfíńtà bá wa kan bẹ́ǹṣì mẹ́rin. Kí ọdún tó yí po, a ti di méjìdínlógún. Télọ̀ ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síta ní gbogbo ọ̀sán Sátidé kí àyè lè gbà wá. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Ìwé. Èmi tí mo fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tẹ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn láìsí ẹni tó béèrè tèmi rí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "Ẹ dákẹ́ ná, Ìyá Ìwé fẹ́ sọ̀rọ̀." Adùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa. Ọ̀gá Àgbà la ń pè é. Lọ́jọ́ kan, à ń ka ìtàn olówó kan tó rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ, tó wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lójú gbogbo ìlú.

"Ó gbìyànjú," káfíńtà ní. "Olówó tó kúnlẹ̀! Ẹ wò ó, ọ̀gá tèmi ò tiẹ̀ lè sọ pé òun jẹ̀bi."

Mo dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Mo wá sọ ohun tí mo ti há sórí: "Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ lójú gbogbo ayé, ṣé ẹni tó ṣẹ̀ ló ń bẹ̀ ni, àbí àwọn tó ń wòran?"

Ọ̀gá Àgbà yọ awò ojú rẹ̀.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni," ó wí. "N kò pàdé ẹni tó ronú báyìí rí." Ó nu awò náà, ó tún ní, "Ẹ má bínú o. Mo gbọ́ pé awakọ̀ ni olóògbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọkùnrin náà mà ṣoríire o! Ẹ̀yin náà á sì ti ní sùúrù. Kí lẹ máa ń bá awakọ̀ sọ, ju pé ọkọ̀ ti bàjẹ́, ọkọ̀ ti dára?"

Ilé rẹ́rìn-ín.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, mo ti ro gbogbo ìwà mi yẹ̀ wò. Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Eyínafẹ́ pè mí lórí fóònù. Ayọ̀ kún ohùn rẹ̀.

"Ìyàwó wa! Wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi wá sí ọsibítù ìlú yín! Mo ti rí yàrá méjì gbà. Ẹ wá páálí sílẹ̀ dè mí o, mò ń bọ̀ wá kó ìwé mi."

Mo wo orí tábìlì. Ìwé oṣù tó ń bọ̀ ló wà níbẹ̀, tí n kò tíì dà kọ tán. Bí ìwé wọ̀nyẹn bá lọ, kí ló kù mí kù? Tàìpísì opó.

"Eyínafẹ́," mo ní, "ikán."

"Ikán kí ni?"

"Ikán ti jẹ wọ́n. Mo kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn. Kí n tó mọ̀..."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Mo gbọ́ tó fa imú. Ohun tó wá sọ ló pa mí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Mo mọ̀ yín, ẹ ó máa dá ara yín lẹ́bi. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Mo kó ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta sínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí mo bá ń lò ní ẹgbẹ́, mo fi ìwé kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò ó lẹ́yìn.

N kò ro ti télọ̀. Òun ni Eyínafẹ́ gbé yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ fún rán, ẹnu tí kò lè dákẹ́ sì pè é wá sí ẹgbẹ́. Mo wọlé ní Sátidé kan, mo bá àbúrò ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì iwájú.

"Ìyàwó wa! Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n!"

Ó wù mí kí n padà sílé. Àmọ́ mo ka ìwé mi, mo sọ ọ̀rọ̀ mi. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Lẹ́yìn ìpàdé kẹta, ó sìn mí dé ìta. Ó di apá mi mú.

"Ẹ mọ nǹkan kan? Ohun tí ẹ sọ lónìí, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn."

"Ọdún mẹ́rìnlélógún la fi jọ gbé," mo dáhùn. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ràn mí."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jókòó síbí, ó máa ń dà bíi pé ó ṣì wà." Ojú rẹ̀ kún fún omi. "Mo ti ń bínú sí ikán tẹ́lẹ̀. Mi ò bínú mọ́."

Mo lanu. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo lanu láti sọ ọ́. Ni télọ̀ bá ké láti inú ilé, "Ìyá Ìwé! Ẹ má tíì lọ o, ènìyàn tuntun mẹ́rin ló fẹ́ wọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ rí!"

Mo pa ẹnu mi dé, mo wọlé lọ bá wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ pọ̀ fún mi ní ọ́fíìsì. Lọ́ọ́yà ní ẹjọ́ ńlá, n kò ráyè da ohunkóhun kọ. Mo ti ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú dídà ọ̀rọ̀ kọ náà tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka etí ìwé ní ẹgbẹ́ gan-an lójú wọn, tí wọ́n rò pé orí ni mo tẹ̀ ba láti ronú. Mo fa ìwé kan yọ láìwo inú rẹ̀. Ìtàn atukọ̀ ojú odò kan ni.

A kún lọ́jọ́ náà, mẹ́tàlélógún. Mo ka orí kìn-ín-ní, níbi tí atukọ̀ ti gbé ọmọ òrukàn kan kọjá omi. Wọ́n jiyàn. Télọ̀ ní, "Ó tó báyìí. Ìyá Ìwé, ó kàn yín."

Mo wo ojú-ìwé náà. Ọkọ mi ti kọ̀wé yí etí rẹ̀ ká, ọ̀rọ̀ ṣàn kọjá sí ojú-ìwé kejì. N kò rí ibi tó ti kọ tó báyìí rí. Inú mi dùn. Àtẹ́wọ́ òní á pọ̀, ni mo rò.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun kan nípa iṣẹ́ wa. Tàìpísì tó mọṣẹ́ kì í gbọ́ ohun tó ń tẹ̀. Ojú ń lọ níwájú, ìka ń tẹ̀ lé e. Ọkàn wà lórí ohun tí a máa jẹ lálẹ́. Bí ojú bá ti wọ inú gbólóhùn, kì í dúró títí tó fi débi àmì ìdúró. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ló gba iṣẹ́ ìka ṣe.

"Kì í ṣe omi ló ń dẹ́rù bani nínú odò," mo wí. "Ohun tó wà lódìkejì ni. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí mo ti gbé ọmọdé kọjá odò rí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni àbúrò mi. Mo pọ̀n ọ́n, omi dé mi láyà. Bàtà rẹ̀ ọ̀tún bọ́ sómi, ó ń sunkún pé Màmá á na òun. Mo ní kó má sunkún mọ́, Màmá ti wà lódìkejì, ó ń dúró dè wá. Irọ́ ni. Màmá ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé..."

Ibẹ̀ ni mo tó gbọ́ ohùn ara mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," Ọ̀gá Àgbà ń wí jẹ́jẹ́. "A ò mọ̀ pé ojú yín ti rí tó báyìí." Télọ̀ ń fi àjákù aṣọ nu ojú rẹ̀.

Eyínafẹ́ dìde.

"Bàtà wo ló bọ́?"

"Eyínafẹ́, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní bàtà wo?"

"Ọ̀tún."

"Àwọ̀ wo ni?"

Mo wá àwọ̀ náà lójú-ìwé, ọkọ mi kò kọ ọ́ síbẹ̀.

"Pupa ni. Ẹsẹ̀ tèmi ló ti bọ́."

Ó rìn wá bá mi, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. N kò bá a jà sí i. Ó ṣí kàlẹ́ńdà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ó wo ìkọ̀wé náà, ó fi ìka tọ ọ́ yí etí ìwé po bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ojú ènìyàn.

"Ikán," ó wí. "Ikán yìí mà mọ̀wé o."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú-ìwé kejì, ó ka ìyókù sókè.

"'Nígbà tí a gòkè, ó wá Màmá títí. Mo ní Màmá ti lọ wáṣẹ́ níwájú. Láti ìgbà yẹn ló ti rò pé Màmá sá fi wá sílẹ̀ ni. Mo ní bó bá dàgbà, mà á sọ fún un. Nígbà tó dàgbà, irọ́ náà ti dàgbà jù mí lọ. Àbúrò mi, bí o bá ń ka èyí, Màmá ò sá. Orúkọ rẹ ló dárúkọ kẹ́yìn.'"

Ó pa ìwé náà dé. Ó wò mí. Láti ọdún tí mo ti wọ ilé wọn, kò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí.

"O mọ̀ pé ìyá mi kú, o jẹ́ kí n máa bú u?"

"Mi ò mọ̀! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò kà á débẹ̀ rí."

"O ò kà á." Ó mi orí. "Ọdún méjì lo fi gbé e pamọ́ fún mi, o ò tiẹ̀ kà á."

Ó jáde. Ìwé náà wà láyà rẹ̀.

Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé awakọ̀ yẹn ló kọ ọ́?"

"Òun ni, sà."

"Àti gbogbo èyí tí ẹ ti ń sọ fún wa?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó mú fìlà rẹ̀. "Ẹ sì jẹ́ kí n fi ọkùnrin náà ṣẹ̀sín lójú yín," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Télọ̀ kò ní abẹ́rẹ́ kankan lẹ́nu, síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo bẹ káfíńtà kó fi ọmọlanke rẹ̀ bá mi gbé àpótí náà. Ó wá. Gbogbo ohun tó bá mi sọ lọ́nà kò ju "Màmá, ẹ di ẹ̀gbẹ́ kejì mú" lọ. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà Eyínafẹ́, mo ní kó máa lọ. N kò fẹ́ òǹwòran.

Eyínafẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ gbé e síbẹ̀," ó wí. Ó ti padà sí "ẹ". "Ẹ" náà tutù ju "o" ọjọ́ àná lọ.

Mo kúnlẹ̀. "Eyínafẹ́, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n kó wọn fún yín. Ó sọ fún mi pé ohun kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo ṣèlérí fún un."

"Ó sọ fún yín?"

"Ó sọ fún mi."

Ó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn.

"Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi bú òkú ọ̀run. Mẹ́rìndínlógójì nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, èmi àti òun ló sì mọ bá a ṣe máa yanjú rẹ̀. Méjì tó kù, ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ó fa àpótí náà wọlé fúnra rẹ̀. Ó tilẹ̀kùn. Kò fi ìbínú pa á gbàà. Jẹ́jẹ́ ló tì í, bí ìgbà tí aláìsàn bá ń sùn nínú ilé.

Ẹgbẹ́ náà kò tú. Oṣù kan péré ló fi sinmi. Télọ̀ ló ń darí rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti lé ní ọgbọ̀n. Wọ́n ti dá ẹ̀ka kejì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Mo padà lọ, kì í ṣe pé ojú kò tì mí. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí. Ní ọjọ́ kan, télọ̀ bi mí pé kí ni mo rí nínú ìwé oṣù náà. Mo ní ìwé náà sú mi, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Káfíńtà ní, "Ó sú èmi náà," ìjíròrò sì ń lọ.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, mo wà nídìí ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì, mo gbójú sókè, mo rí Eyínafẹ́ nínú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

"Mo ti kà wọ́n tán," ó wí. "Mọ́kọ̀ọ̀kànlélọ́gọ́ta."

"Ẹ ṣeun," mo wí. N kò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ lé lórí.

"Ó kọ nǹkan nípa yín sínú ọ̀kan. Ó gùn."

Ìka mi dúró lórí ẹ̀rọ. "Kí ló kọ?"

Ó wò mí dáadáa. N kò rí ìkà lójú rẹ̀. Àárẹ̀ ni mo rí.

"Mi ò tíì lè fún yín," ó dáhùn. "Mo gbìyànjú. Mo mú un dání wá lónìí gan-an, ó wà nínú báàgì mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí yín, ọwọ́ mi ò gbé e."

"Ó yé mi," mo ní.

Oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá lórí ìyẹn. A máa ń rí ara wa ní Sátidé, a ń kíra. N kò béèrè, òun náà kò dárúkọ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni ọkọ mi kọ tàbí ẹ̀sùn. Mo mọ̀ pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀sùn.

Bí Eyínafẹ́ bá fún mi lọ́jọ́ kan, mà á jókòó, mà á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò sì ní ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ sí etí ẹnikẹ́ni.